Ẹran Ìsinmi Ọkọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ohun tí ọkọ mi ń wá lábẹ́ òkun. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi ti bi mí ní ilé ìwé, àwọn obìnrin ìjọ ti bi mí, onílé wa ní Àgùdà náà dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó bi mí, pẹ̀lú garawa omi lórí mi. Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Theophilus Ògúntádé ni mo fẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ya àwòrán afárá ní ọ́fíìsì rélùwéè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ lọ ṣòkòtò. Wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Ítálì fún ọdún méjì. Jẹ́jẹ́ ló lọ. Bàtà pẹ́pẹ́yẹ ló gbé bọ̀.

Mo ní bàtà pẹ́pẹ́yẹ. Rọ́bà gbọọrọ méjì ni, ó ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ kó lè lúwẹ̀ẹ́ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ó gbé gíláàsì kan bọ̀ tó ń bo ojú bo imú, àti páìpù kékeré tó fi ń mí lójú omi, àti ìbọn. Ìbọn yẹn kì í jẹ ètù o. Ọ̀kọ̀ irin gígùn ló wà lórí rẹ̀, rọ́bà líle ló ń ta ọ̀kọ̀ náà jáde, wọ́n sì fi okùn so ó. Ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún ni. Nígbà tó kó wọn sílẹ̀ ní pálọ̀, mo rò pé àpótí ẹlòmíràn ló ṣèèṣì gbé ní pápákọ̀ òfurufú. Mo ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ jẹ́ ká tètè dá a padà kí olóhun tó dé."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Gbogbo Sátidé tí òkun bá tòrò, á bọ́ sí Ìdó lọ bá Mùktárù. Mùktárù ní ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì kan níbẹ̀, ó fi ń kó èrò àti ẹrù. Wọ́n á gba inú ọ̀sà jáde, wọ́n á kọjá ibi tí àwọn apẹja ń da àwọ̀n sí, wọ́n á lọ sí agbami, níbi tí omi ti dúdú bí aró, tí èèyàn ò lè rí ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi á ti bọ́ sómi. Kò gbé afẹ́fẹ́ kankan sẹ́yìn. Á mí kanlẹ̀, á sé èémí, á rì lọ sísàlẹ̀, á wá dúró síbẹ̀ láìmira. Ó ní ẹja ńlá máa ń ṣòfíntótó ju àwa obìnrin lọ, pé tó bá rí ohun tí kò rí rí, á súnmọ́ ọn kó lè wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń yìn ín níbọn.

"Ẹja ń bẹ lọ́jà Ìpọ̀nrí," mo wí fún un. "Tútù ń bẹ, gbígbẹ ń bẹ, èyí tó ṣì ń jà nínú ọpọ́n náà ń bẹ."

"Rosaline, kì í ṣe ẹja jíjẹ ni mò ń wá."

"Ẹ gbà mí o! Kí tún ni wọ́n ń fẹja ṣe?"

Ìdáná ni mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé, mo sì mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se ẹja. Mi ò rí èyí tí wọ́n kàn ń lé e kiri nínú ìwé kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá ni pé ọkùnrin yìí lè lọ láti àárọ̀, kó padà lọ́wọ́ òfo, kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Mùktárù á ní ẹja tó lè bọ́ gbogbo ojúlé wa kọjá níwájú rẹ̀, kò yìn ín. Mo bi í léèrè. Ó ní kò tó èyí tí òun ń wá. Ó ti pinnu ẹja mẹ́ta tó máa pa. Kútà kan wà tó gbọ́dọ̀ gùn jù mí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹja tí àwọn òyìnbó ń pè ní túnà, èyí tó gbọ́dọ̀ wúwo ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹlẹ́nu-ọ̀kọ̀, ọba gbogbo wọn, ẹja tó gùn ju ibùsùn wa, tí egungun gígùn bí ọ̀kọ̀ yọ síwájú lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìyẹn lè gba òun títí òun á fi hewú. Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ilé ló fẹ́ kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ilẹ̀ níhà Ìkẹjà, nígbà tí owó Údòjì tí ìjọba fi kún owó oṣù sì dé, wọ́n ra fìríìjì. Tèmi ra rọ́bà ìbọn.

Kútà yẹn ló kọ́kọ́ pa, lọ́dún tí náírà dé. Ó fi okùn gbé e kọ́ sára igi máńgòrò onílé, ó ní kí n wá dúró tì í.

"Kí n wá ṣe kí ni?"

"Kí n fi wọ̀n ọ́."

Ṣé ẹ rí ayé mi? Èmi, olùkọ́, obìnrin tí wọ́n fi òrùka fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja, àwọn ará ilé ń wò wá láti ojú fèrèsé, ẹnì kan ń pariwo pé kí n na ọrùn. Ẹja náà gùn jù mí lọ. Ọkọ mi gbá mi mọ́ra níwájú gbogbo wọn, ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, mi ò mọ èwo ni kí n mú.

Lọ́dún kejì ó pa túnà. A jẹ ẹ́, a fún gbogbo àdúgbò, Fúnmi ọmọ wa jẹ ẹ́ títí ó fi ní òun ò fẹ́ rí ẹja mọ́. Àmọ́ kò dùn mọ́ ọkọ mi nínú bí mo ṣe rò. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó ń rìn nínú ilé bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, oúnjẹ ò wọ̀ ọ́. Mo ní, "Ohun tí ẹ ń wá lẹ ti rí yìí, ẹ yọ̀ kẹ̀!" Ó ní òun ń yọ̀. Ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu-ọ̀kọ̀ ni ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀. Mo kàn ń wò ó ni.

Nígbà tí ọdún 1975 wọlé, bàbá rẹ̀ wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́. Bàbá Àkàngbé ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, ọdẹ ni wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Mo ti ń retí wọn. Mo ní àgbà ti dé, wọ́n á bá mi dá a lẹ́kun. Bí a ṣe jẹun tán, mo fẹjọ́ sùn, mo ka gbogbo ẹja náà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n ti fìlà wọn sẹ́yìn, wọ́n kọjú sí ọmọ wọn.

"Èwo nínú wọn ni ẹran ìsinmi rẹ?"

Èmi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá wá là á yé mi. Nílé tiwọn, ọdẹ kì í wọgbó títí ayé. Tó bá ti mọ iṣẹ́ dáadáa, á yan ẹran kan, á dárúkọ rẹ̀ létí bàbá rẹ̀ àti létí ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ tó bá pa ẹran yẹn, ó parí nìyẹn. Ìyàwó ni yóò gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò gbé e kọ́ sájà, ọkùnrin náà á sì kọjú sí oko. Ẹfọ̀n ni ti Bàbá. Wọ́n ti pa á kí ọkọ mi tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, láti ìgbà náà iṣu àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń bá ṣeré.

"Ọdẹ tí kò bá ní ẹran ìsinmi," Bàbá ní, "igbó ni yóò jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí nílé wa. Torí náà, èwo ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹlẹ́nu-ọ̀kọ̀ ni, Bàbá."

Bàbá bu omi, wọ́n ta á sílẹ̀, wọ́n ṣàdúrà, a sì ṣe àmín. Tèmi ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Mo ti rí òpin ọ̀rọ̀ náà. Ẹja kan péré ló kù kí n tó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú ilé mi.

Nígbà tí Bàbá ti lọ, mo bi ọkọ mi pé nígbà wo ló máa pa á.

"Ẹlẹ́nu-ọ̀kọ̀? Kò wọ́pọ̀ níbí o. Mi ò tíì fojú kan ọ̀kan rí."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi mú un?"

Ó ní ohun tí ọwọ́ tètè ń tó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi gbogbo ayé lé. Ó jọ pé ó yé e. Kò yé mi.

Ní Sátidé tó ṣáájú Àjíǹde, Mùktárù gbé e wálé nínú takisí. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí imú rẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. Ó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi ni èémí tó sé tán lára rẹ̀, ló bá dákú. Mùktárù ló fi okùn fà á jáde, tó ń gbá a lẹ́yìn títí ó fi bì. Fúnmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá dádì òun ti kú. Mo ní wọn ò kú.

Nígbà tó sùn tó jí, ìbínú mi bú jáde. Mo gbé bàtà pẹ́pẹ́yẹ, mo jù wọ́n gba ojú fèrèsé, wọ́n balẹ̀ sáàárín àwọn adìyẹ onílé. "Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ ò lọ mọ́! Ṣé opó lẹ fẹ́ kí n máa jẹ́ ni?"

Ó rọra dìde jókòó. "Rosaline, mo ti sọ̀rọ̀ níwájú Bàbá. Ọjọ́ tí mo bá pa á ni màá dúró. Tí mo bá dúró ṣáájú, mo ti fi ọ̀rọ̀ wọn ṣeré nìyẹn."

Ohun tí Bàbá gbé kalẹ̀ láti fi yọ ọ́ kúrò nínú omi, òun náà ló tún gbá mú tó fi fẹ́ padà sínú omi. Mo wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo rojọ́. Bàbá fọwọ́ lérán títí. Wọ́n ní omi tó ti dà sílẹ̀ kò ṣeé kó mọ́.

"Ìyàwó, ọ̀nà kan ló kù," wọ́n ní. "Kó tètè pa á."

Bí èmi tí mò ń sá fún ẹja ṣe di ẹni tó ń wá ẹja kiri nìyẹn. Mo gbé e lọ síwájú Ọlọ́run. Ní ìpàdé àdúrà àwọn obìnrin, mo ní kí wọ́n bá mi bẹ Olúwa, pé ohun ńlá kan wà tí ọkọ mi ń wá, kó tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Màmá Edith, tó jẹ́ olórí wa, gbá mi mọ́ra.

"Ọmọkùnrin! Ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀, wàá ti gbé e pọ̀n."

"Àmín, ma. Ṣùgbọ́n ẹja ni, ma."

Màmá wò mí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí mi, wọ́n ní kí n lọ sinmi.

Ta ló fẹ́ sinmi? Mò ń se ọbẹ̀ tí kò ní ata fún un, nítorí ó ní ata kì í jẹ́ kí òun lè sé èémí dáadáa. Tó bá ń sé èémí lórí àga láti fi kọ́ ara rẹ̀, èmi ni mò ń bá a wo aago, tí mò ń wo bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe ń le. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tì í lọ síbi tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Orí mi dàrú, àmọ́ mi ò rí ọ̀nà mìíràn gbà.

Ọdún yẹn ni sìmẹ́ńtì kún òkun. Ìjọba ti bèèrè fún sìmẹ́ńtì ju èyí tí èbúté lè gbà lọ, àwọn ọkọ̀ tó kó o wá sì tò síta lójú agbami láìníye, wọ́n ń dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n. Gbogbo Èkó ń bínú. Èmi náà ń bá wọn bínú, títí Mùktárù fi wá bá mi ní kíṣìnnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá Fúnmi, ẹ wá gbọ́. Ẹja ti pọ̀ sábẹ́ àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì yẹn. Àwọn kékeré ń jẹ ohun tó hù sí ìdí ọkọ̀, àwọn ńlá sì ń wá jẹ àwọn kékeré. Atukọ̀ kan sọ fún mi pé òun rí ẹlẹ́nu-ọ̀kọ̀ tó ń fò lẹ́yìn ọkọ̀ àwọn. Kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

Mo jó. Mo jó yí sítóòfù ká, Mùktárù ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Nígbà tí ọkọ mi dé, mo sọ fún un kó tó bọ́ bàtà. Mò ń wá ayọ̀ lójú rẹ̀, mi ò rí i. Ó ní, "Ṣé ó dá atukọ̀ yẹn lójú?" Ó bá ń tú okùn bàtà rẹ̀. Sátidé yẹn, etí ń dùn ún. Sátidé kejì, iṣẹ́ wà ní ọ́fíìsì. Ìkẹta, ó ní atẹ́gùn ò dáa, bẹ́ẹ̀ ewé máńgòrò kan ò mì. Ọkùnrin tó ti ń lọ sókun nínú òjò láti ọjọ́ yìí wá! Mo rò pé ẹ̀rù dídákú yẹn ló ṣì ń bà á, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

"Ẹ má bẹ̀rù," mo wí fún un. "Èmi náà á bá yín lọ."

Èmi tí mo máa ń dijú tí bọ́ọ̀sì bá ń gun orí afárá, mo wọ ọkọ̀ Mùktárù ní Ìdó lówùúrọ̀ Sátidé. Ọyẹ́ ti dé, ojú omi sì dákẹ́. A kọjá àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, wọ́n ga, wọ́n ti dógùn-ún, àwọn atukọ̀ sá aṣọ wọn sórí irin. Ọ̀kan nínú wọn juwọ́ sí mi. Mo ń bì lọ́wọ́, mi ò lè dá a lóhùn. Nígbà tí a kọjá èyí tó kẹ́yìn, omi yí padà, ó di aró. Mùktárù pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ mi múra láìwojú mi, ó gbé ìbọn, ó bọ́ sómi.

"Ẹ fẹ́ rí wọn?" Mùktárù bi mí. Ó fún mi ní gíláàsì kejì, ó di ìró mi mú lẹ́yìn, mo sì tẹ ojú bọ omi.

Háà! Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sí ilẹ̀, kò sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń lọ sísàlẹ̀ títí ojú mi ò fi lè bá a lọ mọ́. Ọkọ mi wà láàárín rẹ̀, ọkùnrin tó ń kọsẹ̀ lára kápẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ara rẹ̀ balẹ̀. Ó rẹwà. Ó dùn mí pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ níbi tí èmi ò sí.

Ó gòkè wá mí, ó tún lọ. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹja náà wá.

Mo kọ́kọ́ rò pé òjìji ọkọ̀ wa ni. Lẹ́yìn náà mo rí ọ̀kọ̀ ẹnu rẹ̀. Ó gùn ju ibùsùn wa lóòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn. Ó yí ọkọ mi ká jẹ́jẹ́, bí àlejò tó ń wo pálọ̀ onílé. Ó wá dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hàn án gbangba. Ibi tó wà sí ọkọ mi kò ju ti sítóòfù mi sí ẹnu ọ̀nà lọ. Mo rí i tí ọkọ mi na ìbọn. Gbogbo ara mi ń pariwo. Ẹ yìn ín! Bàbá Fúnmi, ẹ yìn ín, ká máa lọ sílé!

Kò yìn ín.

Ó na ìbọn bẹ́ẹ̀, ó ń wo ẹja, ẹja ń wò ó. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń gbé ọmọ tó ti sùn sílẹ̀. Ẹja náà tún dúró díẹ̀. Ó fi ìrù gbá omi lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Ọkọ mi yọrí, ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Mo rí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ó jìnnà jù."

"Pẹ̀lẹ́, Ọ̀gá," Mùktárù ní, nítorí òun ò rí nǹkan kan. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ń bẹ."

Ó gun inú ọkọ̀. Ìgbà yẹn ló tó wò mí. Gíláàsì ṣì wà lójú mi, omi ń kán lára gèlè mi.

"Mo rí yín," mo ní.

Mùktárù wò mí, ó wò ó, ó yí lọ sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ohun tí kò dọ̀tí. Mo fẹ́ gbá ọkọ mi létí. Mo fẹ́ fi ìró mi bò ó, nítorí ó ń gbọ̀n. Mi ò mọ èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe, torí náà mi ò ṣe ọ̀kankan.

"Ṣé ẹ̀rù ló bà yín?"

Ó mi orí, kì í ṣe ẹ̀rù.

"Ṣé àánú ẹja ló ṣe yín?"

"Rárá."

"Kí wá ni? Ẹ là á yé mi, Bàbá Fúnmi. Mo ti bẹ Ọlọ́run fún ẹja yìí títí àwọn ará ìjọ fi rò pé mo ti ya wèrè."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Tí mo bá pa á, wàá gba ìbọn lọ́wọ́ mi. Ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, tí mo bá jí, kí ni màá jẹ́, Rosaline?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ń bi mí ni. Òun náà ò mọ̀ ọ́n, ó fẹ́ kí èmi sọ fún un.

"Ẹ ó jẹ́ ọkọ mi," mo ní. "Ẹ ó jẹ́ bàbá Fúnmi."

Mo dúró kó sọ pé ìyẹn tó. Mùktárù fa okùn ẹ́ńjìnnì. A kọjá àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ńtì, a wọ inú ọ̀sà, a rí Ìdó lọ́ọ̀ọ́kán. Ní gbogbo ọ̀nà ó kọjú sẹ́yìn, síbi tí omi ti dúdú, kò sì sọ ọ́.